Ṣé ọpọlọ ti parí ọ̀rọ̀ kí a tó mọ̀? Àlàyé láti ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́

Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń wọlé ló ṣe wọlé. Ẹnì kan fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí ní ìdájí, ó kọ "Ẹ kà á kí ẹ tó jáde lónìí" sí i lókè, àwòrán ọpọlọ tó ń tàn yòò bí iná ọdún Kérésìmesì sì tẹ̀lé e. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí ibi tí ìpinnu ti ń wá nínú orí. Pé ọpọlọ ti parí gbogbo ètò kí ẹni tó ni ín tó mọ̀. Pé kò sẹ́ni tó ń yan ohunkóhun fúnra rẹ̀ mọ́. Kí agogo mẹ́jọ tó lù, ẹbí ti pín sí méjì. Ẹ̀gbọ́n kan ní àyànmọ́ tí àwọn baba wa ń wí náà nìyẹn, òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni. Àbúrò kan tó jẹ́ ajíhìnrere ní ẹ̀kọ́ òkùnkùn ni. Ẹnì kẹta rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bá òun bẹ ọpọlọ òun, kó jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́ títa.

Ìwádìí kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ó sì tóbi. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni wọ́n lọ̀ pọ̀ bí ata: ìwádìí tí wọ́n ṣe lára èkúté, tó jáde ní 2025, ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ènìyàn, tó ti wà láti 1983, àti àsọdùn tí kò sí nínú ìkankan nínú méjèèjì.

## Ìwádìí wo ni wọ́n ń sọ gan-an?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Nature gbé iṣẹ́ kan jáde láti ọwọ́ àjọṣe àwọn onímọ̀ ọpọlọ, International Brain Laboratory. Ọdún 2017 ni wọ́n dá àjọṣe náà sílẹ̀. Ilé ìwádìí méjìlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló da ọwọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Èkúté 139 ni wọ́n lò. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí wọ́n gbọ́ ohùn wọn lé ní 620,000, láti agbègbè 279, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọpọlọ èkúté tán.

Kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀? Ṣáájú ìgbà yẹn, ilé ìwádìí kọ̀ọ̀kan a máa mú igun kan nínú ọpọlọ, a sì máa ṣọ́ ọ fún ọdún púpọ̀, bí ẹni tó jókòó sí Ayétòrò tó wá fẹ́ fi ohun tó ń kọjá níwájú rẹ̀ sọ bí gbogbo Ẹ̀pẹ́ ṣe rí. Àwọn wọ̀nyí ní kí gbogbo àwọn ṣe ohun kan náà, pẹ̀lú irinṣẹ́ kan náà, kí wọ́n sì pín ọpọlọ mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún èkúté kò le. Wọ́n gbé e síwájú ojú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí àgbá kékeré kan tó ń yí sọ́tùn-ún sósì. Àwòrán kan tó nílà-nílà á yọ lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Èkúté gbọ́dọ̀ yí àgbá títí àwòrán á fi bọ́ sáàárín. Tó bá gbà á, omi ṣúgà kán sí i lẹ́nu. Tó bá ṣì í, ariwo ni yóò gbọ́, omi ò sí. Nígbà mìíràn àwòrán náà hàn ketekete; nígbà mìíràn ó ṣú bí ohun tí a ń wò nínú ọyẹ́; nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà rárá, èkúté kàn ní láti méfò ni.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Fún ìgbà díẹ̀, àwòrán á máa yọ lápá kan ní ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà wọ́n á yí i sápá kejì láìkìlọ̀. Àwọn èkúté náà mọ ibi tí ọjà ti ń yá. Nígbà tí wọn ò rí nǹkan kan, apá ibi tí wọ́n ti ń jèrè ni wọ́n ń yí àgbá sí. Ní gbogbo àkókò yìí, abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tó ní ojú ìgbọ́rọ̀ tó ń lọ sí irínwó, wà nínú ọpọlọ wọn, ó ń ka iná mànàmáná kékeré tó ń ṣẹ́jú lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

## Kí ni wọ́n ń pè ní ìpinnu?

Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ṣèpinnu, ohun tó máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni ìgbéyàwó, ilé kíkọ́, tàbí kíkó kúrò nílùú. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ọpọlọ, ọ̀rọ̀ náà kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tàbí etí tàbí ọwọ́ gbé nǹkan wá. Nǹkan náà lè jẹ́ èyí, ó sì lè jẹ́ tọ̀hún. Ènìyàn gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Ọ̀tún àbí òsì. Ra á àbí fi í sílẹ̀.

Mo tẹ̀lé àbúrò ìyá mi lọ sí ọjà Olúwo láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ̀pẹ́ tó gbé ẹja ńlá méjì kalẹ̀ sí oríta gẹ́gẹ́ bí àmì ìlú, kò sí ibi tó dára jù ú lọ láti wo bí ènìyàn ṣe ń ṣe irú ìpinnu yìí. Wọ́n dúró nídìí àwo èpìyà kan. Wọn ò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ojú ẹja ni wọ́n wò: ó mọ́, kò wọlé. Wọ́n ṣí abẹ́ etí rẹ̀; ó pupa, ṣùgbọ́n kì í ṣe pupa tó ń dán. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n yọwọ́, wọ́n ń wò ó bóyá ojú ibẹ̀ á ru padà. Ó ru, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ni wọ́n bá gbé e sí imú. Kíá ni wọ́n dá a padà sínú àwo.

"Ìyá, ẹja àná nìyí o."

"Háà! Ọkọ̀ òru ló gbé e dé. Ẹ wo ojú ẹ̀ kẹ̀, ojú ẹ̀ kì í parọ́."

"Mo wo ojú ẹ̀, ó dáa. Imú mi ló kọ̀ ọ́."

A bọ́ sí ìsọ̀ kejì, ìyá ẹlẹ́ja sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa.

## Báwo ni ohun tí ojú rí ṣe ń di ọ̀rọ̀ nínú orí?

Ìmọ́lẹ̀ tó ta lára ẹja wọ inú ojú, ó bá awọ tín-ín-rín kan pàdé lẹ́yìn ẹyinjú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú awọ náà, tí wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù nínú ojú kan ṣoṣo, ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná. Ṣùgbọ́n okùn iṣan tó ń kó iná náà lọ sínú ọpọlọ kò ju bíi mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọgọ́rùn-ún èrò àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fẹ́ wọ kórópè kan ṣoṣo. Ojú fúnra rẹ̀ ti ṣa ọ̀rọ̀, ó ti da púpọ̀ nù kí ọpọlọ tó gbọ́ ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ pé ojú dà bíi kámẹ́rà. Ìyàtọ̀ ni ojú ń wá kiri: ibi tí àwọ̀ ti yí padà, ibi tí nǹkan ti mì.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ gba yàrá kan kọjá ní àárín gbùngbùn orí, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gba èbúté, kó tó dé ìpàkọ́. Ìpàkọ́ ni wọ́n ti ń tú ẹrù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀, ìlà nìkan ni tiwọn. Àwọn mìíràn ń ṣọ́ àwọ̀, àwọn mìíràn ń ṣọ́ ìrìn. Ohun tí ọwọ́ fi kàn náà ń gba èbúté àárín yẹn, tọwọ́ ọ̀tún á lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì orí, tọwọ́ òsì á lọ sí ọ̀tún.

Òórùn ló yàtọ̀. Ohun tí imú gbé wá kì í dúró ní èbúté kó tó wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, ó sì ń bọ́ sí tòsí ibi tí ìbẹ̀rù àti ìrántí ń gbé. Àwọn kan fi èyí ṣàlàyé bí òórùn kan ṣe lè ṣàdédé gbé ènìyàn padà sí ìyẹ̀wù ìyá àgbà rẹ̀, níbi tí kò dé láti ọgbọ̀n ọdún.

Eré iná yìí kò sì pọ̀ tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ní nǹkan bí 1850 ni Hermann von Helmholtz ní Jámánì wọn eré rẹ̀ nínú iṣan ọ̀pọ̀lọ́ (èyí tó ń fò létí omi ni mo wí o, kì í ṣe èyí tó wà nínú orí), ó sì rí i pé kò tó mítà 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Awakọ̀ tó bá ya wèrè lórí títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lè bá a dọ́gba. Lára tiwa, àwọn iṣan kan yára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, síbẹ̀ àkókò ń lọ sí i. Bí iná kan bá ṣàdédé tàn níwájú ẹni tó ti múra sílẹ̀, nǹkan bí ìdámárùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ni kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tẹ bọ́tìnnì. Tó bá jẹ́ ohùn ló gbọ́, ó yára díẹ̀ sí i. Àwọn ọlọ́kadà wa tó ń fọn fèrè láti òwúrọ̀ dalẹ́ kò ka ìwé yìí, ṣùgbọ́n wọn ò ṣìnà.

## Ta ló wá ń dájọ́ nínú orí?

Ìbéèrè tó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀ nìyí. Ojú ní ẹja náà dáa, abẹ́ etí ní ó ṣe díẹ̀, ọwọ́ ní ó lọ́ra, imú ní rárá. Ta ló gbọ́ ẹjọ́ gbogbo wọn?

Àlàyé tó gbilẹ̀ jù ni èyí tí Roger Ratcliff, onímọ̀ nípa bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, gbé kalẹ̀ ní 1978, tí ọ̀pọ̀ ti tún ṣe láti ìgbà náà. Ẹ fojú inú wo kóńgò méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti "ra á", èkejì jẹ́ ti "fi í sílẹ̀". Ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ gààrí. Ojú bu ẹ̀kúnwọ́ sí ti "ra á". Abẹ́ etí bu díẹ̀ síhìn-ín, ó bu díẹ̀ sọ́hùn-ún. Ìmọ̀lára wa kì í dúró sójú kan, nítorí náà gààrí kan á máa fò dànù lọ́nà, òmíràn á sì ṣèèṣì bọ́ sínú kóńgò tí kì í ṣe tirẹ̀. Kóńgò tó bá kọ́kọ́ kún, òun ló jàre. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga ìdájọ́. Kíkún kóńgò náà ni ìdájọ́.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn ènìyàn gba àlàyé yìí gbọ́ ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ méjì, Michael Shadlen àti William Newsome, bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àmì kéékèèké tó ń ṣù bí eéṣú han ọ̀bọ lójú kọ̀ǹpútà, èyí tó pọ̀ nínú wọn ń rìn wútuwùtu, ìwọ̀nba ló fẹnu kò lọ sápá kan. Ọ̀bọ ní láti fi ojú tọ́ka sí apá ibẹ̀. Ní àgbègbè kan lẹ́bàá àtàrí, wọ́n rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iná wọn ń gùn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rí ṣe ń wọlé. Bí àwọn àmì tó fẹnu kò bá pọ̀, iná náà á gùn kíá. Bí wọ́n bá kéré, á máa fà. Tó bá ti dé ibi kan báyìí, ojú ọ̀bọ á ṣí lọ. Kóńgò tó ń kún, a ti fojú rí i! Fún ọdún púpọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ibùjókòó ìpinnu.

Ní 2016, àwọn olùwádìí kan ní Texas pa àgbègbè náà lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú oògùn, wọ́n sì fún ọ̀bọ ní iṣẹ́ kan náà. Ọ̀bọ ń yàn bó ṣe ń yàn tẹ́lẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìyálọ́jà kò wá, tí ọjà sì ná wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣé ibẹ̀ wulẹ̀ ń gbọ́ ìròyìn ni, tí ìpinnu gan-an ń ṣẹlẹ̀ níbòmíràn? Àbí ibòmíràn ló tètè dìde rọ́pò rẹ̀? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jà lórí ìyẹn.

Ibí ni iṣẹ́ 2025 ti wọlé. Nígbà tí àwòrán bá yọ, àwọn àgbègbè tó ń rí i kò pọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ojú ni púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n àmì pé èkúté ti ń yan ọ̀tún tàbí òsì tàn káàkiri jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọwọ́ bá wá ń yí àgbá, tí omi ṣúgà bá sì kán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí igun tí kò gbọ́. Nítorí náà, ẹni tó kọ ọ́ sórí fóònù pé "wọ́n ti rí ibi tí ìpinnu ń gbé" yí i sódì. Ibi tí wọ́n rí i pọ̀ débi pé kò sí bí ènìyàn á ṣe nawọ́ sí ọ̀kan.

## Kí ló fà á tí ohun tí à ń retí fi ń yí ohun tí à ń rí?

Lójú tèmi, ibi tó yẹ kí àwọn ènìyàn máa pín kiri nínú ìwádìí yẹn nìyí, ṣùgbọ́n kò ní àwòrán tó ń tàn yòò. Ẹ rántí ọgbọ́n mẹ́jọ nínú mẹ́wàá yẹn. Àwọn olùwádìí béèrè pé: níbo ni èkúté ń tọ́jú ìrètí rẹ̀ sí kí àwòrán tó yọ? Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ojú á mú ìròyìn wá bó ṣe wà, àwọn àgbà inú orí á wá fi ìrírí tún un wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá àmì ìrètí náà ní nǹkan bí ìdá ogún sí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbègbè tí wọ́n wò, títí kan àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, níbi tí ọ̀rọ̀ ojú ti ń kọ́kọ́ wọlé. Ìrírí ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí àlejò tó kanlẹ̀kùn. Nínú àkàwé wa, kóńgò kan ti ní gààrí nísàlẹ̀ kí ọjà tó ṣí.

Àwọn baba wa ní ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kì í ṣe pé ojú onítọ̀hún bàjẹ́. Bó ṣe yẹ kí orí ṣiṣẹ́ náà ló ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tó ń dúró wò ó dáadáa bóyá ejò ni tàbí ekòló kì í pẹ́ láyé.

Ewu rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Oníṣòwò tó ti na ọrùn sí áláàtì láti ìṣẹ́jú márùn-ún, bí fóònù bá ti dún, tó rí orúkọ báǹkì tó sì rí iye owó, kóńgò rẹ̀ ti kún. Á di ẹja fún oníbàárà, kò ní yẹ àkáǹtì wò. Àwọn oníjìbìtì tó ń fi áláàtì èké ránṣẹ́ mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ: kò pọn dandan kí àtẹ̀jíṣẹ́ náà pé, ó kàn ní láti bá ìrètí mu ni. Èyí tó burú jù ni ti ariwo "Olè! Olè!" Bí ẹnì kan bá ti ké e, gbogbo ẹni tó bá yíjú síbẹ̀ ti ń wá olè kí wọ́n tó rí ọmọ tó ń sáré. Sísáré náà á di ẹ̀rí. Ẹlẹ́rìí mẹ́wàá á sì búra lọ́la pé ojú àwọn ló ṣe, wọn kì yóò sì mọ̀ pé àwọn ń parọ́.

## Ṣé ìkánjú ló ń ba ìpinnu jẹ́ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìṣirò sì ti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún ènìyàn pé kó yára, kì í ṣe ojú rẹ̀ ló ń ṣú. Kóńgò ló ń dín kù. Ẹ̀rí díẹ̀ á tó láti kún un, àṣìṣe á sì pọ̀. Bí wọ́n bá ní kó fara balẹ̀, kóńgò á tóbi. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ló ń rí ìfun rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ja kò ní dúró dè é títí di alẹ́.

Lórí títì, a kì í lè yan kóńgò ńlá. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí awakọ̀ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré rí ewúrẹ́, kó mọ̀ pé ewúrẹ́ ni, kó pinnu, kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì, ó ti rin mítà 28 náà kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù rárá.

## Ṣé lóòótọ́ ni pé ọpọlọ ti pinnu kí n tó mọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ti ọ̀dọ̀ èkúté wá. Ọ̀dọ̀ Benjamin Libet, onímọ̀ ọpọlọ ní California, ló ti wá, ní 1983. Ó ní kí àwọn ènìyàn jókòó síwájú aago kan, kí wọ́n mi ọwọ́ nígbà tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì sọ ibi tí aago wà nígbà tí ó kọ́kọ́ wù wọ́n láti mi ín. Ó lẹ okùn mọ́ wọn lórí láti ka iná ọpọlọ. Iná náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kí ọwọ́ tó mì. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdámárùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá péré ṣáájú kí ọwọ́ tó mì ni àwọn ènìyàn náà sọ pé ó wù wọ́n. Ọpọlọ ti ṣíwájú wọn. Libet fúnra rẹ̀ kò sọ pé òmìnira ènìyàn láti yàn ti parí o. Ó ní ènìyàn ṣì ní àyè díẹ̀ láti sọ pé "má ṣe é mọ́" kí ọwọ́ tó gbéra. Apá yìí kì í sí nínú èyí tí wọ́n ń pín lórí fóònù.

Àwọn tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ ní ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí. Ní Jámánì, ní 2008, ẹgbẹ́ John-Dylan Haynes fi ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ méfò bọ́tìnnì tí ènìyàn máa tẹ̀, ní ìṣẹ́jú-àáyá méje sí mẹ́wàá ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu yà yín jù: wọ́n gbà á ní nǹkan bí ìgbà 60 nínú 100, ẹni tó bá ta owó ẹyọ sókè á sì gbà á ní ìgbà 50. Èyí tó lágbára jù ú lọ ni ti Itzhak Fried, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn tó ní wárápá. Ní 2011, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ọpọlọ ènìyàn, wọ́n sì lè sọ ọ́ ní nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú pé ó ti fẹ́ wù ú láti mi ọwọ́, wọ́n sì gbà á ní ohun tó ju ìgbà 80 nínú 100.

Àwọn tó ta kò ó náà kò jókòó. Aaron Schurger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2012 pé iná tó ń gùn yẹn lè má jẹ́ ìpinnu rárá. Nígbà tí kò sí ẹ̀rí kankan tó ń wọlé, tó kàn jẹ́ pé "mi ọwọ́ nígbà tó bá wù ọ́", ohun tó ń bọ́ sínú kóńgò ni ìyẹ̀fun tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri nínú orí. Nígbà tó bá ṣèèṣì kún, ọwọ́ á mì. Bí a bá wá ka iná náà láti ẹ̀yìn wá síwájú, á dà bí ẹni pé ètò kan ti wà tipẹ́. Ní 2019, Uri Maoz àti àwọn mìíràn lọ síwájú sí i. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn yan àjọ aláàánú tí wọ́n máa fún ní owó gidi. Nígbà tí yíyàn náà kò já mọ́ nǹkan kan, iná Libet yọ. Nígbà tó já mọ́ nǹkan, tí owó máa dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n yàn, kò hàn.

Nípa ti èkúté, kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìgbà tí ó wù ú. Ìwádìí 2025 kò sọ ohunkóhun nípa òmìnira, rere tàbí búburú. Àríwísí tí wọ́n ń ṣe sí i wà níbòmíràn: pé kíka iná kò fi hàn pé iná náà ló fa ìpinnu, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Texas ṣe kọ́ wa, àti pé èkúté máa ń mi ojú, mi irun imú, kó tó yí àgbá, kí ni a fi mọ̀ pé kì í ṣe mímì yẹn ni gbogbo ọpọlọ ń gbọ́? Gbogbo àkọsílẹ̀ wọn ni wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá rò pé wọ́n ṣìnà lè fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀.

## Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ó kan kóòtù. Abala 24 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà sọ pé a kì í dá ènìyàn lẹ́bi fún ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí ìfẹ́ inú rẹ̀ níbẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, àwọn lọ́yà ti ń gbé àwòrán ọpọlọ wá síwájú adájọ́. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ọpọlọ tó ní àìsàn kò yẹ kó gba ìyà bíi ti èyí tí ara rẹ̀ dá. Àwọn tó kọ̀ ọ́ ní gbogbo ìwà ló ní iná tirẹ̀ nínú orí, bí iná bá ti jẹ́ àwíjàre, kò sẹ́ni tó máa jẹ̀bi mọ́.

Ó sì kan ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́. Wolfram Schultz, onímọ̀ ọpọlọ, rí i lára ọ̀bọ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó ń tú dopamine jáde, èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, kì í fò nítorí ẹ̀bùn lásán. Wọ́n ń fò nígbà tí ẹ̀bùn bá ju ohun tí à ń retí lọ, wọ́n sì ń rẹlẹ̀ nígbà tí ohun tí à ń retí kò bá dé. Ẹ̀bùn tó dájú kì í pẹ́ sú wọn. Èyí tó ń dé lójijì, tó ń mú inú ènìyàn dùn lẹ́ẹ̀kan tó sì tún ń já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi.

## Ṣé a tiẹ̀ mọ ìdí tí a fi yan ohun tí a yàn?

Ní Sweden, àwọn olùwádìí méjì, Petter Johansson àti Lars Hall, fi fọ́tò ènìyàn méjì han oníkálùkù, wọ́n ní kó mú èyí tó wù ú. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọgbọ́n idán pa á dà, wọ́n fún un ní èyí tí kò mú, wọ́n sì béèrè ìdí tó fi yàn án. Ìgbà tó pọ̀ jù ni wọn ò fura. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ẹ̀rín rẹ̀ ló wù mí, yẹtí rẹ̀ dára. Nígbà mìíràn, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú kò tilẹ̀ wọ yẹtí. 2005 ni èsì náà jáde.

A padà dé láti Olúwo ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, pẹ̀lú àrọ̀ mẹ́ta tó ṣì ń ta pọ́n-ún nínú báàgì. Ìyá mi béèrè ìdí tí a ò fi ra èpìyà.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, Sìsì mi," ni àbúrò wọn wí. "Ojú ẹja yẹn ti wọlé pátápátá."

Mo gbé àrọ̀ lọ sí ìdí omi.